Àwọn Ọmọ Ológbò Tó Ń Jẹ́ Ìpè Agogo

Ní Ìlápòrú láyé ọjọ́un, nígbà tí gbogbo ènìyàn ṣì ń pe yunifásítì Àgọ́-Ìwòyè ní OSU, bí awuyewuye bá ṣẹlẹ̀ láàárín ẹni méjì, tí ọ̀kan fẹ́ kí wọ́n gba òun gbọ́, ohun tí yóò wí ni pé, "Ẹ lọ bi Bàbá Bẹ́ẹ̀ni." Bàbá Bẹ́ẹ̀ni náà ni Ernest Adéníran, alágogo ṣọ́ọ̀ṣì. Ọdún kejìlélógún rèé tó ti ń fa okùn agogo, tó ń ṣí ilẹ̀kùn, tó sì ń to ìwé orin sórí àga. Kì í ṣe ẹni tó mọ ọ̀rọ̀ sọ. Bí o bá bi í ní nǹkan, á ní "bẹ́ẹ̀ ni" tàbí "bẹ́ẹ̀ kọ́," á sì dákẹ́, nítorí Olúwa fúnra Rẹ̀ ló wí pé ohun tó bá ju ìyẹn lọ, ọ̀dọ̀ ẹni ibi ló ti wá.

Ọjọ́ Sátidé kan ni Ìbíkẹ́, opó tó ń gbá ilẹ̀ ṣọ́ọ̀ṣì, ṣí kọ́bọ́ọ̀dù tí aṣọ àwọn akọrin máa ń wà nínú yàrá àlùfáà. Ó dúró. Ó na ọrùn wo inú rẹ̀. Ló bá bú sẹ́rìn-ín.

"Bàbá Alágogo! Ẹ yára wá o. Àwọn akọrin tuntun ti dé!"

Ológbò aláwọ̀ eérú kan ló bímọ sórí aṣọ funfun. Ọmọ mẹ́rin ni. Ọ̀kan ti kú. Àwọn mẹ́ta tó kù ń yí gbirigbiri lábẹ́ ìyá wọn, ojú wọn dì pa, etí wọn lẹ̀ mọ́ orí bí ewé tí òjò pa. Ernest ti ń bá Ìbíkẹ́ rẹ́rìn-ín kí Àlùfáà Abímbọ́lá tó wọlé dé, tó wá mú ìwé ìwàásù rẹ̀.

"Kí lẹ̀ ń wò? Háà! Lórí aṣọ tí a fi ń kọrin sí Olúwa?"

Àlùfáà kì í ṣe ìkà ènìyàn, ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́. Ẹnu ìjọ ló ń bà á lẹ́rù. Àwọn ìyá kan wà nínú ìjọ náà tó jẹ́ pé bí ológbò bá kọjá níwájú wọn, wọ́n á ní ayé ló rán an sí àwọn.

"Bàbá Ernest, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kó wọn sọ sódò kí ilẹ̀ tó mọ́. Bí àwọn ìyá bá gbọ́, a ò ní gbọ́ ọ̀rọ̀ mìíràn títí ọdún á fi parí."

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

Ó kó wọn sínú apẹ̀rẹ̀, ó da aṣọ bò wọ́n, ó sì kọrí sí odò nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà. Ìyá wọn ń tẹ̀lé e lẹ́yìn, ó ń ké. Kì í ṣe igbe ìjà. Igbe ẹni tó ń bèèrè ọ̀nà ni. Nígbà tí ó dé etí odò, Ernest ki ọwọ́ bọ apẹ̀rẹ̀, ó mú ọ̀kan. Kò tóbi ju ọsàn wẹ́wẹ́ lọ. Ọmọ náà ń wá ẹnu kiri, ó bá ìka rẹ̀ pàdé, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í mu ún. Kò rí nǹkan kan níbẹ̀, síbẹ̀ kò fi í sílẹ̀.

Ernest dúró títí ẹsẹ̀ fi ń ro ó. Ó rántí ológoṣẹ́ tí Olúwa ní kò sí ọ̀kan tí yóò jábọ́ lẹ́yìn Baba. Ó wá bi ara rẹ̀ pé, èyí tí ènìyàn bá fi ọwọ́ ara rẹ̀ jù ńkọ́? Ó yí padà, ó sì kó wọn lọ sí ilé agogo, yàrá kótópó tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣọ́ọ̀ṣì, tí òun nìkan ló ní kọ́kọ́rọ́ rẹ̀.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ìsinmi, Àlùfáà bi í pé, "Bàbá Ernest, ọ̀rọ̀ tàná ńkọ́?"

"Mo ti kó wọn kúrò, sà."

Òótọ́ ni. Ó ti kó wọn kúrò. Ṣùgbọ́n bí ọ̀rọ̀ náà ti ń jáde lẹ́nu rẹ̀, ó mọ̀ pé ó wúwo ju "bẹ́ẹ̀ ni" lọ.

Ìyẹn nìkan ì bá sàn. Lọ́jọ́ náà gan-an, orí ìtàn Ábúráhámù àti ọmọ rẹ̀ ni Àlùfáà dúró lé lórí àga ìwàásù. "Ọlọ́run wí, ó ṣe é! Kò bèèrè ìdí! Ẹ má wo ọ̀nà jíjìn, ẹ̀yin ará. A ní Ábúráhámù tiwa nínú ìjọ yìí. Bí a bá ti rán an níṣẹ́, bẹ́ẹ̀ ni ni!" Àwọn ènìyàn rẹ́rìn-ín, wọ́n yíjú wo ẹ̀yìn, níbi tó dúró sí lẹ́bàá ilẹ̀kùn. Ernest wo ilẹ̀. Ohun tó ń rò ni pé Ábúráhámù fúnra rẹ̀ kò pa ọmọ náà. Ohùn kan ló dá a dúró. Ohùn wo ló dá òun dúró létí odò? Ṣé ti Ọlọ́run ni, àbí àìgbọràn lásán ló da aṣọ ẹ̀sìn bora?

Yàrá ẹ̀yìn ilé Ernest ni Adérónkẹ́ háyà, ọmọ yunifásítì tó ń kọ́ nípa ẹranko, tó sì tún ń kọrin nínú ẹgbẹ́ akọrin. Kò ju ọjọ́ mẹ́wàá lọ tó fi tú àṣírí náà.

"Bàbá, irun wo ló wà lára kóòtù yín yìí? Ti ológbò ni o." Nígbà tó rí ojú rẹ̀, ó rẹ́rìn-ín. "Ẹ má wò mí bẹ́ẹ̀. Èmi kì í ṣe àjẹ́, ẹ̀yin náà kì í ṣe àjẹ́. Níbo ni wọ́n wà?"

Ojú àwọn ọmọ náà ṣẹ̀ṣẹ̀ ń là nígbà tó dé ilé agogo. Ó gbé wọn sórí itan níkọ̀ọ̀kan. "Ìsinsìnyí ni àsìkò o, Bàbá. Láti ọ̀sẹ̀ kejì dé ọ̀sẹ̀ keje ni ọkàn wọn ń ṣí sí ènìyàn. Bí wọn ò bá mọ ọwọ́ ènìyàn nígbà yẹn, bí ẹran igbó ni wọ́n máa ṣe. Ẹ máa gbé wọn lójoojúmọ́. Ẹ máa bá wọn sọ̀rọ̀. Ẹ jẹ́ kí etí wọn mọ ariwo."

"Ariwo wo ló tún ju agogo lọ?"

"Òun náà dára. Agogo kìíní, agogo kejì, agogo kẹta." Ó ń fi ìka tọ́ wọn bó ti ń kà. Báyìí ni wọ́n ṣe di Kìíní, Kejì àti Kẹta.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, ìyá wọn kò wá. Ernest kúnlẹ̀ lórí sìmẹ́ńtì, ó gbàdúrà pé kí Ọlọ́run dá abiyamọ náà padà. Nígbà tó jáde, ó rí i lẹ́bàá títì Àgọ́, níbi tí ọ̀kadà kan tó ń sáré kó akẹ́kọ̀ọ́ ti gbá a. Ara rẹ̀ ti le. Ernest gbẹ́ ilẹ̀, ó sin ín, kò sì sọ fún ẹnikẹ́ni pé òun gbàdúrà yẹn.

Láti ọjọ́ náà, òun ni ìyá. Adérónkẹ́ po mílíìkì inú agolo mọ́ omi lílọ́ wọ́ọ́rọ́ àti pupa ẹyin, ó ra ike tí wọ́n fi ń kán oògùn sójú, ó sì kọ́ ọ bí wọ́n ti ń ṣe é.

"Ẹ má dà á bí ẹni ń rọ epo sí mọ́tò, Bàbá! Ẹ kán an. Kán-kán-kán. Ẹ jẹ́ kó gbé e mì."

Lẹ́yìn oúnjẹ, á fi òwú tútù nu ìdí wọn kí wọ́n tó lè tọ̀, nítorí ahọ́n ìyá ló yẹ kó ṣe iṣẹ́ yẹn. Ernest bí ọmọ márùn-ún, kò nu ìdí ẹyọ ọ̀kan rí. Nísinsìnyí, ó ń nu ti ológbò, ó sì ń kọ orin ìyìn sí wọn létí. Ní ìdájí, á kọ́kọ́ lu agogo àdúrà òwúrọ̀. Bí agogo bá ti dákẹ́, á gbé àwo sílẹ̀. Kò ju ọ̀sẹ̀ méjì lọ tí àwọn ọmọ náà fi mọ̀ ọ́n. Bí agogo bá ti ró gbaun àkọ́kọ́, wọ́n á ta jàn-ín jáde nínú àpótí, ìrù wọn nà ró ṣanṣan, wọ́n á máa fi ara nu ẹsẹ̀ rẹ̀ bó ti ń fa okùn. Ó ń mú inú rẹ̀ dùn. Ọdún méjìlélógún ló ti ń lu agogo pe ènìyàn wá sí àdúrà òwúrọ̀, àwọn tó ń wá kò ju mẹ́fà lọ.

Ọ̀sẹ̀ kan wá dé tí kò sí mílíìkì ní gbogbo ìsọ̀ Ìlápòrú. Kẹta, tó kéré jù nínú wọn, ti ń gbọ̀n. Agolo mílíìkì kan wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù kékeré ní yàrá àlùfáà, nídìí ìkòkò tíì Àlùfáà. Méjì tún wà lẹ́yìn rẹ̀. Ernest mú ọ̀kan. Ó ní, "Màá dá a padà lọ́la." Kí ọ̀sẹ̀ tó parí, ó ti mú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

Ní ọjọ́ Ìsinmi tó tẹ̀lé e, àlejò kan bá Àlùfáà dé. Wọ́n fẹ́ po tíì, wọ́n ṣí kọ́bọ́ọ̀dù, wọn ò bá mílíìkì kankan. Àwọn alàgbà ìjọ pé jọ.

"Ta ló ní kọ́kọ́rọ́ yàrá yìí?"

"Èmi àti Ìbíkẹ́ ni, sà," Ernest dáhùn. Òótọ́ ni ìyẹn náà.

"Ẹ̀yin kọ́ là ń wí, Bàbá." Alàgbà kan rẹ́rìn-ín. "Bí Bàbá Bẹ́ẹ̀ni bá lè jalè, kí ayé kúkú parí."

Gbogbo wọn yíjú sí Ìbíkẹ́. Ó rọra fi ìgbálẹ̀ ti ògiri.

"Ẹ̀yin bàbá, inú ọgbà ṣọ́ọ̀ṣì yìí ni mo sin ọkọ mi sí. Mílíìkì ni màá wá jí?" Ó wo Ernest. "Bàbá Alágogo, ẹ sọ̀rọ̀ kẹ̀."

Ernest la ẹnu. Ó rí ojú Àlùfáà. Ó rí Ábúráhámù. Ó rí ọdún méjìlélógún.

"Bóyá… bóyá èkúté ni," ó wí.

"Èkúté tó ń ṣí agolo!" Àwọn alàgbà bú sẹ́rìn-ín. Ìbíkẹ́ kò rẹ́rìn-ín. Ó wo kóòtù Ernest láti òkè dé ìsàlẹ̀, ó tú kọ́kọ́rọ́ kúrò létí ìró rẹ̀, ó gbé e sórí tábìlì, ó sì jáde.

Láti ọjọ́ yẹn, Ernest kò lè gba ara Olúwa mọ́. Bí wọ́n bá ti ń tò lọ síwájú pẹpẹ, á ní inú ń run òun. Ó gbàdúrà pé kí Ọlọ́run bá òun sọ ọ́ fún wọn, lójú àlá tàbí lọ́nà mìíràn tó bá wù Ú. Ọlọ́run kò sọ ọ́. Nígbà mìíràn, bó bá jókòó sílé agogo, tí ọmọ mẹ́ta ń sùn sórí ẹsẹ̀ rẹ̀, á bi ara rẹ̀ bóyá ẹnikẹ́ni wà tó ń gbọ́ ohun tí òun ń sọ, yàtọ̀ sí ológbò. Èrò yẹn ń dẹ́rù bà á. Á dìde, á lọ tún ìwé orin tò.

Nígbà tí àwọn ọmọ ológbò náà pé ọ̀sẹ̀ mẹ́sàn-án, Adérónkẹ́ ní ó tó àkókò kí wọ́n lọ ilé tuntun. Kìíní lọ sọ́dọ̀ Alhaja Asimawu tó ń ta àgbàdo àti ẹ̀wà.

"Ológbò? Ẹ gbé e wá kíá! Ẹ̀sìn wa ò kórìíra rẹ̀. Èkúté ti sọ àgbàdo mi di sàárà." Ó so aṣọ pupa mọ́ ọn lọ́rùn lójú ẹsẹ̀. "Níbo lẹ ti rí i, Bàbá?"

"Wọ́n bí i nítòsí ibí."

Ilé Àlùfáà ni Kejì lọ, ẹ ò rí nǹkan! Èkúté ti jẹ ìwé ìwàásù ọdún méjì tán, ìyàwó Àlùfáà sì ti bẹ Adérónkẹ́ pé bó bá rí ológbò tó ti mọ ojú ènìyàn, kó bá òun mú un wá. Kò bi í nípa ibi tó ti wá. Kẹta bá Adérónkẹ́ lọ sọ́dọ̀ ìyá rẹ̀ ní Abigi nígbà tí yunifásítì gba ìsinmi. Kó tó lọ, ó sọ fún gbogbo àwọn tó gba ológbò pé kí wọ́n sé àwọn ọmọ náà mọ́lé fún ọ̀sẹ̀ méjì, kí wọ́n lè mọ ilé tuntun ní ilé.

"Ṣùgbọ́n agogo yẹn, Bàbá," ó wí, ó ti gbé àpò lé èjìká. "Wọn ò ní gbàgbé ẹ̀ o."

Ernest rò pé ó ń yin òun ni.

Ọ̀sẹ̀ méjì pé. Ní ìdájí ọjọ́bọ̀ kan, ó fa okùn lẹ́ẹ̀kẹfà, nǹkan rírọ̀ kan sì fi ara nu ẹsẹ̀ rẹ̀. Kìíní ni, pẹ̀lú aṣọ pupa lọ́rùn. Inú Ernest kọ́kọ́ dùn, kí a má purọ́. Ẹ̀yìn náà ni òógùn bò ó. Ó gbé e sábẹ́ kóòtù, ó sáré gbé e padà sí ilé Alhaja. Ẹni tó bá lójúde tó ń ṣa òkúta lára ẹ̀wà ni Ìbíkẹ́. Ibẹ̀ ló ti rí iṣẹ́.

Ìbíkẹ́ wo ológbò. Ó wo kóòtù.

"Ẹ káàárọ̀, Bàbá," ó wí. Ó gba Kìíní lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì padà sídìí ẹ̀wà rẹ̀.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ẹ̀ẹ̀mẹta péré ni Ernest lu agogo, kíákíá, bí ẹni ń kan ilẹ̀kùn olókùnrùn. Kò sí ológbò tó wá. Ọjọ́ kẹta náà, bẹ́ẹ̀. Ní ìrọ̀lẹ́ Sátidé, Àlùfáà bá a níbi tó ti ń nu àga.

"Bàbá, kí ló ṣe agogo yín? Ìyàwó mi ò gbọ́ ọ láàárọ̀ yìí." Kò dúró gbọ́ èsì. "Ọ̀la la máa ṣílẹ̀kùn fún ológbò wa. Ó gbọ́n, ẹ ò gbọ́! Olúwa ló fi ta wá lọ́rẹ. Ẹ̀ẹ́n, àwọn alàgbà ní ká dárúkọ Ìbíkẹ́ nígbà ìkéde lọ́la, pé a ti gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ àti ìdí tí a fi gbà á. Kí àwọn ọ̀dọ́ lè kọ́gbọ́n."

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà," Ernest wí. Ẹnu rẹ̀ ti mọ ọ̀rọ̀ náà jù.

Ní ọjọ́ Ìsinmi, ó di okùn mú. Àwọn ènìyàn ti ń wọ inú ọgbà. Bó bá lu mẹ́ta, ojú kò ní tì í. Wọ́n á ka orúkọ Ìbíkẹ́, wọ́n á kọrin, wọ́n á ṣe àmín. Ó ti ń retí láti ọjọ́ yìí kí Ọlọ́run sọ̀rọ̀. Ó wo okùn tó wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Ó fà á. Gbaun. Gbaun. Gbaun. Kò dúró. Ó lù ú bó ti ń lù ú ní ìdájí, ó gùn, ó kún, títí èjìká fi ń ro ó.

Kejì ló kọ́kọ́ dé. Ó fo ògiri ilé Àlùfáà, ó gba àárín àwọn ìyá kọjá, ìrù rẹ̀ nà ró.

"Jésù! Kí nìyẹn?"

"Ológbò Àlùfáà mà ni! Òun náà ń bọ̀ wá jọ́sìn!"

Wọn ò tíì rẹ́rìn-ín tán tí Kìíní yọ lójú ọ̀nà, aṣọ pupa ń jó lọ́rùn rẹ̀. Àwọn méjèèjì wọ ilé agogo lọ, wọ́n sì jókòó síbi tí àwo máa ń wà, wọ́n gbójú sókè. Àlùfáà ti fi aṣọ funfun rẹ̀ sáré dé.

"Bàbá Ernest, kí ni ológbò mi ń wá níbí?"

"Ó ń wá oúnjẹ, sà. Èmi ni mo tọ́ wọn. Àwọn tí ẹ ní kí n sọ sódò nìyí. Mo ní mo kó wọn kúrò, ẹ sì rò pé mo sọ wọ́n sódò, mo jẹ́ kí ẹ máa rò ó bẹ́ẹ̀." Ó fi okùn sílẹ̀. "Mílíìkì náà, èmi ni mo mú un. Agolo mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ìbíkẹ́ kò fọwọ́ kàn án."

Ernest ń retí kí ilẹ̀ lanu. Alàgbà tó ní kí ayé kúkú parí lọ́jọ́sí ló kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín.

"Bàbá Bẹ́ẹ̀ni! Nítorí ológbò? Kí wá ni mílíìkì agolo mẹ́ta lára yín?"

"Ojú àánú ló ní," ìyá kan wí. "Ẹ ò rí i bí wọ́n ti ń wò ó."

Kí ìsìn tó parí, ó ti di ọ̀rọ̀ ẹ̀rín. Àlùfáà fúnra rẹ̀, tó gbé Kejì mọ́ àyà, fọwọ́ kàn án léjìká. "Olúwa ti dárí jì yín, Bàbá. Ẹ lọ pe Ìbíkẹ́ kó padà wá."

Ernest dúró, ó ń wo ilẹ̀. Kò sí ẹni tó ní, "Kí ni mílíìkì agolo mẹ́ta?" nígbà tí wọ́n rò pé Ìbíkẹ́ ló mú un. Ìdáríjì náà rọrùn jù. Ó dùn ún ju ìbáwí lọ.

Ó bá Ìbíkẹ́ lójúde Alhaja nírọ̀lẹ́, ó ń fẹ́ ẹ̀wà lórí atẹ. Kìíní ti padà, ó sùn sórí àpò àgbàdo. Ernest ṣí fìlà.

"Ìbíkẹ́, èmi ni."

"Mo mọ̀, Bàbá."

"Láti ọjọ́bọ̀?"

"Láti ọjọ́ tí ẹ ní èkúté ni." Kò gbójú sókè. "Irun ológbò wà lára kóòtù yín lọ́jọ́ yẹn. Mo dúró de ẹnu yín."

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú. Wọ́n ní kí ẹ padà wá." Ó gbọ́ ọ lẹ́nu ara rẹ̀: òun, àgbà tó ti lé ní ọgọ́ta ọdún, ló ń fi "ẹ" bá Ìbíkẹ́ sọ̀rọ̀. Ìbíkẹ́ náà gbọ́ ọ. Atẹ dúró lọ́wọ́ rẹ̀ díẹ̀.

"Mo ti dárí jì yín," ó wí níkẹyìn. "Olúwa ló ní kí n ṣe é, mo sì ti ṣe é. Mo gbọ́ agogo yín láàárọ̀ yìí, ó dùn. Ṣùgbọ́n ibi tí mo ti ń jẹun báyìí, Bàbá, wọn kì í lu agogo níbẹ̀."

"Ìbíkẹ́, ta lò ń bá sọ̀rọ̀?" Alhaja ké láti inú ilé.

"Bàbá tó tọ́ ológbò yín ni, Alhaja."

Kìíní la ojú kan, ó wo Ernest, ó sì pa á dé.

Ernest dé fìlà, ó gba ọ̀nà ilé. Kò tíì rìn jìnnà tí agogo ìsìn ìrọ̀lẹ́ fi dún. Ọ̀gá akọrin ló ń bá a lù ú. Láìrò ó, ẹsẹ̀ rẹ̀ ti ń yára síhà ibi tó ti ń dún. Nígbà tó mọ̀ ọ́n, ojú tì í, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sí ẹni tó ń wò ó. Ó dúró lójú ọ̀nà títí agogo fi dákẹ́, kó tó wá máa lọ.